Fáànù rédíétọ̀ tí kò yí mọ́: báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí àìsàn náà wà kí a tó ra òmíràn?

Onímọ́tò Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ọ̀gá onímọ́tò. Toyota Carina E ni mo ní, òun ni mo sì fi ń ná ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kùtọnu. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré lójú títì, abẹ́rẹ́ ìgbóná rẹ̀ kì í kọjá àárín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lórí afárá, tàbí ní àyíká ọjà Ouando, abẹ́rẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi pupa. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò nígbà tí ó gbóná bẹ́ẹ̀, mo sì rí i pé fáànù ẹ̀yìn rédíétọ̀ kò yí rárá. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra fáànù tòkunbọ̀ wá. Ẹlòmíràn ní kí a so fáànù náà tààrà mọ́ kọ́kọ́rọ́, kí ó lè máa yí láti ìgbà tí mo bá ti tan ẹ́ńjìnnì. N kò fẹ́ náwó sórí ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ dájú pé fáànù ni ó kú?

Rẹwáyà Kétu

Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀gbọ́n wa ará Àjàṣẹ́. Àlàyé tí ẹ ṣe yìí ti la ọ̀rọ̀ náà sí méjì kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọkọ̀ tí ó ń gbóná nígbà tí ó bá dúró tàbí tí ó bá ń rọra rìn, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ nígbà tí ó bá ń sáré, ọ̀ràn fáànù ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé bí eré bá ti tó bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, atẹ́gùn tí ń gba iwájú wọlé tó láti tu rédíétọ̀ lára láìsí fáànù. Ọkọ̀ tí ó bá jẹ́ pé orí eré gan-an ni ó ti ń gbóná, ẹ má wulẹ̀ dá fáànù lẹ́bi: omi tí ó dín, rédíétọ̀ tí inú rẹ̀ ti dí, tẹmọsítáàtì (ẹnu ọ̀nà tí ń ṣí fún omi nígbà tí ó bá gbóná) tí kò ṣí, tàbí pọ́ǹpù omi tí kò fà mọ́ ni kí ẹ wá lọ.

Ṣùgbọ́n pé fáànù kò yí kò túmọ̀ sí pé fáànù ni ó bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Iná máa ń kúrò nínú bátìrì, yóò gba inú fíúsì ńlá, yóò kọjá nínú rílè (súíìsì tí ń fi iná díẹ̀ ṣí ọ̀nà fún iná ńlá), yóò dé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó wà ní ìdí fáànù, yóò wọ mọ́tò fáànù, yóò sì gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì. Rílè kì í dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Súíìsì ìgbóná tàbí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó ń pàṣẹ fún un nígbà tí omi bá gbóná tó, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n 95 sí 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ibikíbi ní ojú ọ̀nà yìí ni ó lè já, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì ń fi hàn wá, ìyẹn fáànù tí ó dúró gbagidi.

Kí ẹ tó tẹ ọwọ́ síbẹ̀, ẹ yọ wáyà nẹ́gátíìfù bátìrì nígbàkígbà tí ọwọ́ yín bá máa sún mọ́ abẹ̀bẹ̀ fáànù, nítorí pé nínú ọkọ̀ kan, fáànù lè ṣàdédé yí nígbà tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má jẹ́ kí apá agbádá tàbí ìborí wà nítòsí.

Bí ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ yín bá ń ṣiṣẹ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tan amúlétutù náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó kéré tán fáànù kan gbọ́dọ̀ yí láìpẹ́. Bí fáànù tí kì í yí nígbà ìgbóná bá yí báyìí, a jẹ́ pé mọ́tò rẹ̀ wà láàyè, ẹni tí ń pàṣẹ fún un ni kò sọ̀rọ̀. Ẹ ṣọ́ra ṣá o: fáànù méjì máa ń wà nínú irú ọkọ̀ yín tí ó bá ní amúlétutù, ẹ má fi èyí tí ó wà fún amúlétutù pe èyí tí ó wà fún rédíétọ̀.

Ìdánwò tí ó ń parí àríyànjiyàn ni kí ẹ fún fáànù ní iná tààrà láti inú bátìrì. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ mú wáyà méjì tí ó nípọn dáadáa, kí fíúsì ámpíà 30 wà lára èyí tí ó ń ti pọ́sítíìfù bọ̀, kí ẹ sì fi wọ́n kan ojú irin méjèèjì tí ó wà lára fáànù. Bí ó bá yí pẹ̀lú agbára, tí atẹ́gùn rẹ̀ sì ń fẹ́ lù yín, ẹ fi owó fáànù sápò. Bí ó bá ń yí bí ẹni tí àárẹ̀ mú, tí ó ń han, tàbí tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fi ìdí skrúdíráfà kàn án ní ẹ̀yìn ni ó tó mira, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, tí ń gbé iná wọ ibi tí ń yí, ti jẹ tán. Irú èyí lè ṣiṣẹ́ lónìí kí ó sì já yín kulẹ̀ lọ́la. Bí kò bá mira rárá, òun ni ó kú.

Bí mọ́tò bá wà láàyè, ẹ padà sẹ́yìn sí ibi fíúsì. Fíúsì fáànù sábà máa ń jẹ́ ámpíà 30 tàbí 40, inú àpótí tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ó sì máa ń wà. Fíúsì tí ó jó kì í jó lásán, nítorí náà ẹ má ṣe fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi wáyà lásán so ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá bá mi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún: mọ́tò fáànù rẹ̀ ti le gbagbara, kò yí mọ́, wáyà tí wọ́n fi dí ojú fíúsì kò sì já, ni gbogbo ìdì wáyà láti àpótí fíúsì títí dé iwájú rédíétọ̀ bá yọ́ mọ́ ara wọn, èyí tí ó pupa àti èyí tí ó dúdú kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn fíúsì ni rílè. Lára ọ̀pọ̀ rílè ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 30, 87, 85 àti 86. Iná ńlá ń gba 30 wọlé, ó ń gba 87 jáde. 85 àti 86 wà fún àṣẹ. Bí ẹ bá yọ rílè náà, tí ẹ sì fi wáyà tí ó ní fíúsì so ojú 30 àti 87 pọ̀ nínú ihò rẹ̀, fáànù gbọ́dọ̀ yí. Bí ó bá yí, àìsàn wà nínú rílè tàbí nínú àṣẹ tí ó ń gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yá rílè fèrè láti fi dán an wò, ìyẹn sì dára bí nọ́ńbà àti àwòrán ara méjèèjì bá bára mu délẹ̀, ṣùgbọ́n nínú Toyota ìgbà yẹn, rílè fáànù lè jẹ́ irú èyí tí ọ̀nà iná rẹ̀ so pọ̀ nígbà tí kò sí àṣẹ, tí ti fèrè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

Ìyẹn ni ó mú wa dé orí súíìsì ìgbóná, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé àwọn rẹwáyà púpọ̀ tí ọwọ́ wọn mọ́ Peugeot máa ń ṣìnà níbẹ̀. Nínú Peugeot àtijọ́, Renault àti Volkswagen, súíìsì tí ó wà lára rédíétọ̀ máa ń so ọ̀nà iná pọ̀ nígbà tí omi bá gbóná, nítorí náà tí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ sì so ojú wáyà méjèèjì pọ̀, fáànù yóò yí. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tí wọ́n ṣe láàárín 1990 sí 1999, òdìkejì ni: súíìsì ń so ọ̀nà pọ̀ nígbà tí omi bá tutù, ó sì ń já a nígbà tí omi bá gbóná. Nítorí náà, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì kàn yọ wáyà orí súíìsì náà. Fáànù gbọ́dọ̀ yí lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá yí, tí kì í sì í yí nígbà tí omi bá gbóná, súíìsì ni kí ẹ pààrọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fáànù.

Olùkọ́ Iṣẹ́-Ọwọ́, Pọ́bẹ̀

Rẹwáyà ti sọ ọ́ tán, ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ wo omi kí ẹ tó wo iná. Súíìsì àti sẹ́ńsọ̀ ń wọn ooru omi ni. Bí omi bá ti dín débi pé orí sẹ́ńsọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì lè máa jóná kí òun má sì mọ̀, fáànù kò sì ní yí. Bákan náà ni fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì há sínú páìpù. Ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ẹ ṣí i, kí ẹ rí i pé ó kún.

Fún àwọn tí ọkọ̀ wọn jẹ́ ti ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ni ó ń ka sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ yìí kì í sì í ṣe súíìsì. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ ni ìdènà iná inú rẹ̀ ń dín kù: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ní ìwọ̀n 20 Celsius ó máa ń wà láàárín óòmù 2000 sí 3000, ní ìwọ̀n 80 yóò ti sún mọ́ 300. Ẹni tí ó bá ní mítà lè fi omi gbígbóná àti omi tútù dán an wò nínú ife. Bí ẹ bá yọ wáyà rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà púpọ̀ yóò yí fáànù fúnra rẹ̀ láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, ìdánwò kíákíá sì ni èyí jẹ́.

Ìyá Oníṣòwò Ṣakẹ́tẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí ó há sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, tí kò sí rẹwáyà nítòsí, nítorí pé ìdánwò gbogbo tí ẹ ń sọ yìí, ilé ni a ti ń ṣe é. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń gòkè nínú ìdúró, kí a pa amúlétutù, kí a ṣí afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ọkọ̀ dé òpin rẹ̀. Ooru á mú wa, ṣùgbọ́n yóò fa díẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, kí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí a pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná. Ìdérí yẹn ni ó ń há agbára mọ́ omi nínú, tí omi fi lè kọjá ìwọ̀n 100 láìhó. Bí ẹ bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú àti àyà yín ni yóò sì tú sí. Ẹ má sì da omi tútù lu ẹ́ńjìnnì gbígbóná, kí irin rẹ̀ má baà sán.

Awakọ̀ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Toyota Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì ni mo ń wà láti Ṣábẹ̀ẹ́ sí Ìdáàṣà, fáànù tèmi kò sì ní wáyà kankan, bẹ́líìtì ni ó ń yí i. Ó ń yí nígbà gbogbo, síbẹ̀ ọkọ̀ ń gbóná nígbà tí mo bá di ẹrù tí mo sì ń rọra rìn. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí bí?

Olùkọ́ Iṣẹ́-Ọwọ́, Pọ́bẹ̀

Ó kàn yín gan-an ni, arákùnrin. Láàárín fáànù yín àti ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì kan wà tí òróró sílíkónì wà nínú rẹ̀. Bí atẹ́gùn gbígbóná láti ara rédíétọ̀ bá kàn án lójú, yóò di fáànù mú kí ó yí pẹ̀lú agbára ẹ́ńjìnnì. Bí ara bá tutù, yóò tú u sílẹ̀ díẹ̀. Bí òróró yẹn bá ti jò tán, fáànù yóò máa yí ní tòótọ́, ṣùgbọ́n agbára kò ní sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó yẹ kí ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ yín, kí ó sì dúró láìpẹ́. Bí ó bá ń yí lọ fúnra rẹ̀ bí ìgbà tí kò sí ohun tí ó dì í mú, tàbí tí ẹ rí òróró tí ó ti pọ̀ mọ́ eruku ní ojú kílọ́ọ̀ṣì náà, òun ni kí ẹ pààrọ̀.

Nítorí pé Ṣábẹ̀ẹ́ ni ẹ wà, ẹ tún wo iwájú rédíétọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́. Eruku pupa, kòkòrò àti ìràwé máa ń dí àárín àwọn irin pẹlẹbẹ rẹ̀, fáànù tí ó dára jù lọ kò sì lè fa atẹ́gùn gba inú ògiri. Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti fi omi fọ̀ ọ́ sí iwájú, kí agbára omi náà má pọ̀ jù kí irin má baà tẹ̀.

Onímọ́tò Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Èmi àti rẹwáyà àdúgbò wa tẹ̀lé ohun tí ẹ sọ. Omi kún. Fíúsì kò jó. A fún fáànù ní iná tààrà, ó sì yí. A yọ wáyà súíìsì, a ṣí kọ́kọ́rọ́, kò yí. A fi mítà wọn iná tí ó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù nígbà náà, ó fi fóltì 12 hàn. Ohun tí ó wá rú wa lójú nìyí: iná wà níbẹ̀, mọ́tò wà láàyè, kí ló dé tí kò yí?

Rẹwáyà Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé bèbè rẹ̀. Mítà kì í fa iná tó ohun kan, nítorí náà bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ inú wáyà ni ó kù tí kò tíì já, mítà yóò ṣì ka fóltì 12. Fáànù ní tirẹ̀ ń fa ámpíà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà tóóró yẹn kò sì lè gbé e. Ẹ wá gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ tí ó jẹ́ wáàtì 55, ẹ so ó mọ́ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dípò fáànù. Bí ó bá tàn rokoṣo, ọ̀nà iná dára. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tí kò tàn rárá, ibìkan ti jó láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹsẹ̀ gílóòbù tí ó wà ní apá nẹ́gátíìfù kan ara irin ọkọ̀ tààrà. Bí ó bá wá tàn dáadáa, wáyà tí ó so fáànù mọ́ ara irin ni ó bàjẹ́. Bí kò bá yàtọ̀, apá pọ́sítíìfù ni kí ẹ tọ̀ lọ. Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀.

Onímọ́tò Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ni ọ̀gá. A fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ọ̀kan nínú ojú irin méjèèjì ti dúdú bí èédú, rọ́bà tí ó yí i ká sì ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ irin náà. Gílóòbù kò tàn ju bí ẹyin iná sìgá lọ. Ṣé kí a gé sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí dànù, kí a so wáyà mọ́ wáyà?

Rẹwáyà Kétu

Ẹ má ṣe lọ́ wáyà mọ́ wáyà kí ẹ sì fi téèpù wé e, yóò tún jó. Ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó lè gbé ámpíà 30, ẹ gé wáyà padà sí ibi tí bàbà rẹ̀ ṣì pọ́n, tí kò dúdú, ẹ fún ojú irin rẹ̀ mọ́ wáyà dáadáa, ẹ fi òjé sí i, kí ẹ sì fi rọ́bà tí ń sún kì bò ó. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ máa ń mú ojú irin dípẹtà kíákíá, nítorí náà ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á kí ẹ tó tì í pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ohun tí ó jó o. Ó lè jẹ́ pé ojú irin náà ti dẹ̀ lásán. Ó sì lè jẹ́ pé mọ́tò fáànù ti ń wúwo, tí ó sì ń fa iná ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ yọ nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ fi ìka kan yí abẹ̀bẹ̀. Bí ó bá yí wọ́ọ́wọ́ láìha, ẹ máa lò ó lọ. Bí ó bá le, tí ẹ sì ń gbọ́ bí ẹni ń lọ yanrìn, béárìn rẹ̀ ti gbẹ, yóò sì jó sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun náà bí ó ti jó ti àtijọ́.

Ní ti síso fáànù tààrà mọ́ kọ́kọ́rọ́, èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń mú abẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù mọ́tò tí ó yẹ kí ó máa sinmi yóò jẹ tán kíákíá, ọtanétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pèsè iná ọkọ̀, yóò máa ru ẹrù tí kò yẹ lọ́sàn-án lóru, ẹ́ńjìnnì yóò sì pẹ́ kí ó tó dé ìwọ̀n ooru tí ó ń fẹ́, epo ni ẹ ó sì fi san án. Èyí tí ó burú jù ni pé yóò bo àìsàn gidi mọ́lẹ̀: nínú ọkọ̀ yín, wọn ìbá ti so ó, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń jó yìí ìbá sì ti wà níbẹ̀, tí iná yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsinmi. Ẹni tí ó bá há sójú ọ̀nà lè so ó títí yóò fi délé. Kí ó tú u ní ọjọ́ kejì.

Ọmọ Ìlú Kétu tí ó wà ní Kùtọnu

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀ràn tèmi sí i. Peugeot 307 ni. Fáànù rẹ̀ kì í yí tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá gbóná gan-an, á ṣàdédé pariwo bí ọkọ̀ òfuurufú, á sì dákẹ́.

Rẹwáyà Kétu

Fáànù yín ní eré méjì, àbúrò. Eré kékeré ń gba inú rẹsísítọ̀ kan (ohun tí ń dín iná kù) tí ó wà lára férémù fáànù, tí atẹ́gùn rẹ̀ ń tù ú lára. Rẹsísítọ̀ yẹn máa ń jó nínú 206 àti 307, bí ó bá sì ti jó, eré ńlá nìkan ni ó ń kù. Mọ́tò yín dára. Ẹ pààrọ̀ rẹsísítọ̀ náà nìkan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí pé eré kékeré yóò di eré ńlá nígbà gbogbo.

Awakọ̀ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun fún tèmi, òróró wà lójú kílọ́ọ̀ṣì náà bí ẹ ti wí. Ìbéèrè kan kù, fún ọ̀rẹ́ mi tí ó ti ra fáànù tòkunbọ̀ oníná kí ó tó rí ọ̀rọ̀ yín. Ó ń yí dáadáa, ọkọ̀ sì ń gbóná síbẹ̀, pàápàá lórí eré, níbi tí kì í ti í gbóná tẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ Iṣẹ́-Ọwọ́, Pọ́bẹ̀

Ẹ sọ fún un kí ó wo ìhà tí ó ń yí sí. Bí wọ́n bá gbé wáyà pọ́sítíìfù sí ojú nẹ́gátíìfù, mọ́tò yóò yí, ṣùgbọ́n yóò yí sẹ́yìn, yóò sì máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láti ẹ̀yìn síwájú, tí yóò máa bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Kí ó mú bébà kan, kí ó gbé e lé iwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù ń yí, kí ọkọ̀ sì dúró lójú kan. Fáànù tí ó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ fa bébà náà mọ́ra títí tí kò fi ní ṣubú. Bí ó bá tì í dànù, kí ó pààrọ̀ ipò wáyà méjèèjì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó sì tún fi bébà dán an wò. Bí kò bá tíì lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa nígbà náà, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ìhà kejì, kí ó dá a padà fún ẹni tí ó tà á, kí ó sì gba èyí tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu, pẹ̀lú férémù ike tí ó yí i ká, nítorí pé láìsí férémù yẹn, fáànù yóò kàn máa fa atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ni, kò ní fà á gba inú rédíétọ̀.